Bàtà Tó Lo Ọjọ́ Méjìlá Lójú Ọ̀nà

Màmá ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì, ìsinmi kò sì bá a lára mu rárá. Nígbà tó wá lo oṣù méjì nílé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi ṣe àlejò. Lọ́jọ́ kìíní, ó sùn títí oòrùn fi wọlé bá a. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbogbo ìkòkò àti abọ́ ilé ìdáná tò. Lọ́jọ́ kẹta, ó fọ aṣọ tí kò dọ̀tí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin mọ́, tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bá a níbi tó ti ń ka ṣíbí, ìyàwó fa ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Màmá dání lọ síbi iṣẹ́ lónìí," ó ní. "Tí wọ́n bá tún jókòó sílé yìí títí di ìrọ̀lẹ́, òrùlé ló kàn tí wọ́n máa tú."

Bí Màmá ṣe di èrò ilé iṣẹ́ bàtà nìyẹn.

Bàtà dúdú tí àwọn ọmọ fi ń lọ sílé ìwé ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n, yàrá ńlá kan àti kékeré méjì ni wọ́n ń lò, àgbàlá sì wà láàárín. Láti ẹnu ọ̀nà ni òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù ti ń pàdé èèyàn. Àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ gba Màmá lójú ni àpò. Àpò wà lábẹ́ tábìlì, àpò wà lójú fèrèsé, àpò sì dí ilẹ̀kùn kan pa débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó rántí pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ mọ́. Bàtà tí wọn kò tíì ṣe tán ló kún inú gbogbo wọn. Ẹ̀gbẹ́ ni Màmá fi rìn kó tó ráyè kọjá.

"Ibí yìí ti kéré jù fún wa, ìyá mi," ọmọ rẹ̀ sọ. Ọ̀gá ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Màmá nìkan ló ń pè é ní ọkọ mi, bó ṣe ń pè é láti ìgbà tó ti ń pọ̀n ọ́n. "Mo ti ń wá ilé mìíràn tí a máa háyà kún un."

Fóònù rẹ̀ dún bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Oníbàárà kan ló ń béèrè bàtà rẹ̀ tó ti yẹ kó gbà. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí òmíràn pè, ó tún bẹ ìyẹn náà. Màmá wo ọrùn ọmọ rẹ̀ bó ṣe gbẹ nínú kọ́là, bí ẹni tó yá ẹ̀wù wọ̀.

Tábìlì àkọ́kọ́ ló lọ dúró sí. Ọkùnrin tó ń gé awọ níbẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún, Abẹ ni inagijẹ rẹ̀, nítorí pé ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣìnà.

"Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kí bàtà kan tó jáde níbí?" Màmá bi í.

"Iṣẹ́ kékeré ni, Màmá. Wákàtí kan. Tó bá pẹ́ jù, wákàtí kan àbọ̀."

"Tí mo bá ní kí ẹ ṣe ọ̀kan fún mi báyìí, ṣé ọ̀sán ni kí n padà wá gbà á?"

Abẹ wo Ọ̀gá. Ọ̀gá wo ilẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ méjì, Màmá," Abẹ ní. "Ó lè lé díẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ méjì fún iṣẹ́ wákàtí kan. Níbo ló ń lọ?"

Abẹ tún gbé ọ̀bẹ rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń fi í pamọ́ fún un. Wọn kò mọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Màmá. Ní gbogbo ọdún tó fi gbẹ̀bí, kò sí aláboyún kan tó wọlé tí wọ́n wá ní àwọn ò mọ ibi tó wà. Gbogbo ààbọ̀ wákàtí ni Màmá máa ń kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tó dé, ohun tí wọ́n ṣe fún un, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó mú ìwé kan àti bírò dání wá. Ó ní kí Abẹ gé bàtà kan bó ṣe ń gé àwọn yòókù, ó so òwú pupa mọ́ awọ rẹ̀, ó sì fa àga oníke kan sún mọ́ ọn.

"Mo fẹ́ tẹ̀ lé e títí yóò fi bí ni," ó ní.

Ọmọbìnrin kan tó wá gba òwú níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Aránbàtà ni, Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo wọn sì ń pè é. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, ó ti ròyìn rẹ̀ dé gbogbo yàrá pé bàtà Màmá lóyún.

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni Abẹ fi gé awọ náà. Màmá kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà Abẹ jù ú sínú àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé òmíràn. Àpò jókòó. Màmá náà jókòó. Ó jẹun ọ̀sán níbẹ̀, ó hun fìlà òtútù ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé ìdajì, agogo ìparí iṣẹ́ lù, àpò kò kúrò lójú kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó hun fìlà náà parí. Lọ́jọ́rú, nígbà tí bàtà inú àpò pé àádọ́jọ, ọkùnrin méjì wá gbé e, wọ́n sì gba inú òjò la àgbàlá kọjá. Màmá ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, agboòrùn lórí, àga oníke lábẹ́ apá.

Nínú yàrá àwọn aránbàtà, àpò mẹ́rin ló ti wà níwájú. Tiwọn bọ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ Ẹtì ni ó kan Ẹlẹ́rìn-ín, ó sì rán bàtà Màmá láàárín ìṣẹ́jú méjìlá. Ó wá ku aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú rẹ̀, àmọ́ inú sítóò ni aṣọ náà wà, ẹni tó sì ní kọ́kọ́rọ́ sítóò ti lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Bàtà tún jókòó.

Nígbà tí wọ́n fi padà wọṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti di àwàdà gbogbo ilé iṣẹ́. Bí Màmá bá ti ń wọlé láàárọ̀ ni wọn á ti máa bi í láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ṣé aláboyún ti bí?"

"Kò tíì rọbí," Màmá á ní. "Ó ṣì ń rìn kiri."

Àwọn tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti yàrá kan sí ìkejì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ béèrè ibi tí bàtà dé. Màmá ti mọ orúkọ àwọn ọmọ wọn, ó mọ ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ó sì mọ ẹni tí kì í jẹun àárọ̀. Ara rẹ̀ yá gágá. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní òun ò tíì rí i kó tètè sùn báyìí rí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n gbé àpò padà la àgbàlá kọjá, lọ sí yàrá kékeré tí wọ́n ti ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ bàtà. Ọkùnrin tó ń lẹ̀ ẹ́ kì í sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í yá. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bí Màmá ṣe gbé àga rẹ̀ ti ògiri, ó gbọ́ ìró kan tó mọ̀ dáadáa. Ó fi ìka gbá ògiri. Ẹnì kan gbá a padà láti òdìkejì.

"Ta nìyẹn?" Màmá bi Jẹ́jẹ́.

"Abẹ ni," Jẹ́jẹ́ ní.

Màmá fojú wọn ògiri náà láti òkè dé ilẹ̀. Bàtà náà ti yí gbogbo ilé ká, òjò ti pa á, ó ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rìn, ó wá bọ́ sí ẹ̀yìn ògiri ibi tó ti gbéra.

Ọjọ́ Ẹtì, tó jẹ́ ọjọ́ kejìlá, ni ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Awò, obìnrin àgbàlagbà kan tó ń yẹ bàtà wò ní ìparí gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú awò ojú tó nípọn bí ìdí ìgò. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́sàn-án ló ti kóra jọ láti wo bí aláboyún ṣe máa bí. Ìyá Awò gbé bàtà sókè, ó yí i po, ó sì dá ọwọ́ dúró lórí gìgísẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá," ó ní. "Ojú ibi tí wọ́n rán yìí ti wọ́. Kò ṣeé tà."

Ó mú òmíràn. Òun náà wọ́. Ó da gbogbo àpò sílẹ̀, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu gbogbo wọn. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti tẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti ba àádọ́jọ bàtà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wò ó.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń kó irú wọn lọ. Màmá tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Abẹ́ tapólì kan ló ti rí òkìtì náà: bàtà tó wọ́, awọ tí wọ́n gé kù, àtẹ́lẹsẹ̀ tó lẹ̀ sódì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ọkọ̀ akólẹ̀ ń wá gbé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Màmá kò kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn ń tẹ̀, Màmá," Ẹlẹ́rìn-ín sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àmọ́ àpò mẹ́rin ló wà lọ́rùn mi. Tí mo bá dúró, wọ́n á ní mo ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn."

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá bá wọn. Oníbàárà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni náà sì ti rẹ́rìn-ín béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni ìyá àgbà tó ń gbé àga tẹ̀ lé àpò kiri.

"Ìyá mi, ó tó gẹ́ẹ́," ó ní. "Ẹ ń fi mí ṣẹ̀sín lójú àwọn òṣìṣẹ́ mi. Ilé iṣẹ́ ni mo ní, kì í ṣe ilé ìgbẹ̀bí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ yìí, kò gbóhùn sókè sí i rí. Ó gbé àga rẹ̀, ó rọra rìn wọ ọ́fíìsì ọmọ rẹ̀, ó jókòó, ó sì gbé ìwé náà lé itan. Nígbà tí Ọ̀gá wọlé, ìbínú ti kúrò lójú rẹ̀, ìtìjú ló kù.

"Ẹ foríjì mí, ìyá mi."

"Mo ti foríjì ọ́. Jókòó, kí o ka ìwé yìí sí mi létí."

Ó gbà á, ó bẹ̀rẹ̀. "Aago mẹ́sàn-án, Abẹ ń gé e. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó jókòó sínú àpò. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀, ó jókòó. Aago mẹ́wàá, ó jókòó." Ó ṣí ojú ìwé. "Ó jókòó. Ó jókòó. Wọ́n gbé e gba inú òjò. Ó jókòó." Ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ. Nígbà tó dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó rí i pé Màmá ti ṣírò rẹ̀ sísàlẹ̀: ọjọ́ méjìlá ni bàtà náà lò, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ni ọwọ́ èèyàn fi kàn án.

Ọ̀gá bo ojú. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Màmá rò pé ó ń sunkún, ó sì ti fẹ́ dìde sí i, kó tó rí i pé ẹ̀rín ni.

"Ìyá mi," ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, "bàtà yìí sinmi jù mí lọ."

Màmá náà bá a rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń ro ó.

"Èmi náà rèé tí mò ń wá ilé kiri," Ọ̀gá sọ nígbà tó rí ẹ̀mí mí. "Àṣé ibi tí àpò máa jókòó sí ni mo fẹ́ háyà."

"Má lọ bá wọn wí o, ọkọ mi," Màmá ní. "Bi wọ́n léèrè ni. Wọ́n mọ̀ ju èmi àti ìwọ lọ."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló pe gbogbo wọn jọ, ó sì ka ìwé náà sí wọn létí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Abẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, òkìtì lẹ fi ń yìn mí. Tí òkìtì mi bá ti ga, ẹ á ní Abẹ ṣiṣẹ́ lónìí. Mi ò mọ̀ pé ọ̀nà ni mò ń dí."

Ẹlẹ́rìn-ín sọ ti abẹ́rẹ́. Ìyá Awò ní ó ti pẹ́ tó ti ń dun òun pé ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ tán ni wọ́n tó ń gbé e wá fún òun. Wọ́n sọ ọ́ títí, kí Jẹ́jẹ́ tó na ìka sí òkìtì àpò tó wà lára ògiri.

"Ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn," ó ní. Gbogbo wọn yíjú wò ó, nítorí pé wọn kò gbọ́ kó sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n kó àpò kúrò. Wọ́n rí òòlù tó ti sọnù láti ọdún méjì, wọ́n rí agboòrùn Ìyá Awò, wọ́n sì rí ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó rí, nítorí náà wọ́n yọ gbogbo ilẹ̀kùn náà kúrò lára ògiri, wọ́n sì gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n wọ́ ẹ̀rọ, wọ́n ti tábìlì, àwọn kan ń pàṣẹ, àwọn kan ń fìyẹn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi di ọ̀sán, tábìlì wọn ti tò yí ká bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé: Abẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn aránbàtà tẹ̀ lé e, Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé wọn, Ìyá Awò sì wà ní ìparí. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé bàtà márùn-ún márùn-ún ni wọn á máa tì síwájú, pé tí tábìlì ẹni tó tẹ̀ lé ọ bá kún, o ò gbọdọ̀ ṣe kún un, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá rí àṣìṣe á nàwọ́ sókè, gbogbo wọn á sì dúró tún un ṣe.

Ọjọ́ Ajé kò dára. Wọ́n nàwọ́ sókè nígbà mọ́kànlá kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Tábìlì Jẹ́jẹ́ kún dẹ́múdẹ́mú, Abẹ sì dúró ká ọwọ́ lẹ́yìn, kò mọ ibi tó máa kọjú sí.

"Màmá, ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́," ó sọ. "Ọwọ́ mi ò dilẹ̀ báyìí rí."

Màmá kàn wo ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́. Abẹ wo ibi tó ń wò, ó mí kanlẹ̀, ó sì lọ mú búrọ́ọ̀ṣì gọ́ọ̀mù kan. Bàtà àkọ́kọ́ tó lẹ̀, ìka ara rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn. Jẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé kì í rẹ́rìn-ín jókòó sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Àmọ́ kí ọjọ́ tó pé, ọ̀nà ti là lórí tábìlì náà, àwọn méjèèjì sì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bíi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Nígbà tí ọwọ́ Abẹ bá tún dilẹ̀, ìdí awọ ló ń lọ. Á tẹ́ àwòṣe bàtà sórí rẹ̀, á yí wọn sọ́tùn-ún, á dorí àwọn kékeré kodò sáàárín àwọn ńlá. Ó wá rí i pé ahọ́n bàtà ṣeé gé lára awọ tí àwọn ti ń dà nù tẹ́lẹ̀. Awọ tó ń fún wọn ní bàtà mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní mẹ́sàn-án, nígbà mìíràn mẹ́wàá. Ó fi í han Màmá bí ẹni tó ń fi ọmọ tuntun hàn.

Lọ́jọ́rú, bàtà kan tí wọ́n gé láago mẹ́sàn-án dé ọ̀dọ̀ Ìyá Awò kí agogo oúnjẹ ọ̀sán tó lù. Ó yí i po. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í padà, ó tún yí bàtà po.

"Ó dára," ó ní.

Kò sẹ́ni tó pè wọ́n, àmọ́ gbogbo wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wò ó. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ẹlẹ́rìn-ín fọwọ́ pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, "Ẹ wò ó, ó ṣì ń lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, oníbàárà tó ń pariwo jù wá fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti le láti ẹnu ọ̀nà, ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Ọ̀gá mú un lọ síbi tí páálí bàtà rẹ̀ wà, gbogbo rẹ̀ pé, wọ́n sì ti dì í láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọkùnrin náà ṣí páálí kan, ó wo inú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun lómi tútù mu. Kó tó lọ, ó ti béèrè fún ìlọ́po méjì bàtà náà.

Nígbà tí oṣù fi parí, Ọ̀gá ti pe onílé tó ń bá sọ̀rọ̀ ilé mìíràn pé òun kò háyà mọ́. Àyè ti ṣí sílẹ̀ nínú yàrá ńlá débi pé wọ́n gbé tábìlì oúnjẹ kan síbẹ̀. Kò lé ẹnikẹ́ni, kò gba ẹnikẹ́ni kún wọn, èrè oṣù yẹn sì ju ti oṣù mẹ́ta àtẹ̀yìnwá lápapọ̀ lọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló fún ní ẹ̀kúnwó. Awakọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ló bínú díẹ̀. Ó dé, ó ká tapólì sókè, kò bá ohun tó kún agbọ̀n.

"Ṣé ẹ ti kógbá wọlé ni?" ó bi wọ́n.

"Rárá o," Abẹ dá a lóhùn. "A kàn ti dẹ́kun ṣíṣe iṣẹ́ fún ẹ ni."

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Màmá padà sílé rẹ̀, ó wá di ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí ilẹ̀ mọ́ tí Ọ̀gá kò jáde. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé oúnjẹ àárọ̀ kalẹ̀, ó ti bò ó, ó sì wá bá Màmá ní pálọ̀.

"Màmá, ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọdún mẹ́rin, wọn ò sùn di aago mẹ́jọ rí. Ṣé ara wọn yá?"

Màmá lọ fi etí ti ilẹ̀kùn yàrá, bó ti ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn àwọn ìyálọ́mọ. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Ó ń hanrun," ó ní. "Fi í sílẹ̀."

Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n jẹun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Aago mọ́kànlá ti lù kí Ọ̀gá tó jáde, ìlà ìrọ̀rí ti hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì béèrè ọjọ́ tí òní jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n tún bù sí i.